Orí Ọmọ Onídìrí

Ọwọ́ Líle ni gbogbo àdúgbò ń pè é, kì í sì í bínú sí i. Onídìrí ni. Abẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́rin kan ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí àwọn ayálégbé ti ń gbé omi gba orí rẹ̀ kọjá, tí omi náà á sì máa kán sí i lọ́rùn. Tó bá dìrí fún obìnrin lónìí, ó di ọ̀túnla kí obìnrin náà tó lè rẹ́rìn-ín dénú. Ṣùgbọ́n irun náà á wà bẹ́ẹ̀ fún odidi oṣù, ìlà rẹ̀ á tọ́ gbọnrangandan, kò ní wú, kò ní tú. Àwọn oníbàárà á bú u lórí ìjókòó, wọ́n á lọ sílé, wọ́n á tún padà wá. Kí lẹ wá fẹ́ kó bínú sí?

Ahọ́n rẹ̀ náà ò rọ̀ ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Àbúrò ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́, obìnrin yẹn kì í sì í sọ̀rọ̀ fún ọmọ iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ìdí kóòmù ló fi ń sọ ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ọwọ́ Líle lọ́kọ nígbà kan. Dírẹ́bà ni ọkọ náà, ó wa ọkọ̀ jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan pé òun ń bọ̀, bóyá ó sì ṣì ń bọ̀. Àwọn èèyàn wá sọ fún un pé àwọn rí i nílùú míì pẹ̀lú obìnrin kan, pé ara rẹ̀ le, pé ó tiẹ̀ sanra. Ọwọ́ Líle ní kó máa sanra lọ. Ó gbé ọmọbìnrin rẹ̀ tí kò tíì já lẹ́nu ọmú pọ̀n, ó gba yàrá kan ṣoṣo ní àjà kẹta, ó gbé àpótí ìjókòó méjì sábẹ́ àtẹ̀gùn, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Kò ní ṣọ́ọ̀bù, kò sì ní pátákó tí wọ́n ya àwòrán sí. Orí ọmọ yẹn ló ní. Láti ìgbà tí irun ọmọ náà ti gùn tó ohun tí ìka lè mú ni ìyá rẹ̀ ti ń fi í dárà. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni á tú ti tẹ́lẹ̀, á sì dá òmíì tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí rí sí i. Ọmọ á wá gbé e jáde. Á gbé e lọ sílé ìwé, á gbé e lọ ra kẹrosíìnì, á gbé e tò sórí ìlà nídìí ẹ̀rọ omi. Obìnrin tó bá rí i á ní, "Ta ló di èyí fún ẹ?" Ọmọ á nawọ́ sí abẹ́ àtẹ̀gùn. Bí iṣẹ́ ṣe ń wá nìyẹn. Àwọn ọmọ àdúgbò bá sọ ọ́ ní Pátákó, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára ju èyí tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọjáde lọ. Inú ìyá rẹ̀ dùn sí i. Á ní, "Pátákó mi, ó yá, jókòó," á sì fi orúnkún méjèèjì há orí rẹ̀. Ọmọ náà ò ní dìde níbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Pátákó. Kì í sọkún bí wọ́n bá ń di irun rẹ̀. Ó kàn máa ń di ẹsẹ̀ àpótí mú ni.

Ó tó àkókò ká sọ̀rọ̀ kan àwọn onígbàgbọ́ báyìí. Sítọ̀ ńlá kan wà nísàlẹ̀ òpópónà náà tí wọ́n ń kó sìmẹ́ǹtì sí tẹ́lẹ̀, Láńlọ́ọ̀dù tó ni ilé alájà mẹ́rin yẹn náà ló ni ín. Àwọn onígbàgbọ́ kan gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbá eruku rẹ̀, wọ́n kùn ún lọ́dà funfun, wọ́n to bẹ́ǹṣì sí i, wọ́n ní iṣẹ́ Olúwa láàárín àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ làwọn wá ṣe. Obìnrin kan ni olórí wọn, pẹ́lẹ́ńgẹ́ báyìí, tó máa ń wọ bàtà kánfáàsì, tó sì ti ṣe nọ́ọ̀sì rí. Lójoojúmọ́, tí ọ̀sán bá ti rọ̀, á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á fọn fèrè bíi rẹfirí, àwọn ọmọ á sì máa tú jáde láti inú ihò gbogbo. Wọ́n ń pè é ní Àǹtí Fèrè, wọ́n sì ń pe òun àtàwọn èèyàn rẹ̀ ní àwọn ìpàdé. Orin wà níbẹ̀, ẹsẹ Bíbélì wà níbẹ̀, búrẹ́dì àti tíì wà níbẹ̀, wọ́n á sì fọ egbò fún ẹni tó bá ní egbò.

Àdúgbò ò fẹ́ràn wọn. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín pé ìdúpẹ́ ló máa ń wà lẹ́nu tálákà nígbà gbogbo. Tálákà náà ní imú, ó ń gbóòórùn àánú láti òkèèrè, òórùn náà kì í sì í tu ú lára. Alágbàfọ̀ tó ń gbé yàrá ìsàlẹ̀ ní wọ́n ń ya fọ́tò àwọn ọmọ lọ fi tọrọ owó. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì níkòóríta ní oògùn ni wọ́n ń pò mọ́ tíì, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ pé ohun tó ń dùn ún ni pé wọn kì í ra búrẹ́dì tirẹ̀.

Ní ti Ọwọ́ Líle, ó ní ìdí. Kò pẹ́ tí wọ́n dé ni Àǹtí Fèrè wá bá a lábẹ́ àtẹ̀gùn, níṣojú oníbàárà mẹ́ta.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. A rí ọmọbìnrin yín. A gbọ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ ń tọ́ ọ. A fẹ́ mọ bí a ṣe lè ràn yín lọ́wọ́."

Ọwọ́ Líle ò gbójú sókè. Ó ń la irun ni. "Ẹ bá mi kí Jésù. Ẹ ní mo ti jẹun."

Ẹ̀rín pa àwọn oníbàárà. Ojú Àǹtí Fèrè le. "A ó máa gbàdúrà fún yín."

"Ẹ kọ́kọ́ gba tiyín ná."

Láti ọjọ́ yẹn ni nǹkan ti bàjẹ́ láàárín wọn. Bí wọ́n bá pàdé lójú ọ̀nà, ẹnì kan á kí ògiri, èkejì á kí ọ̀run. Síbẹ̀, ẹ wo ìwà aráyé: Ọwọ́ Líle ń jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ lọ síbẹ̀. Kì í ṣe torí Bíbélì, kì í ṣe torí búrẹ́dì. Ó ti rí i pé àwọn ìyá máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà sítọ̀ yẹn láti mú ọmọ wọn. Ojú ni òun ń wá, ojú sì pọ̀ níbẹ̀. "Iwájú ni kó o jókòó sí o," á sọ fún Pátákó. "Bó o bá lọ sẹ́yìn, ta ló máa rí ẹ?" Lóòótọ́, oníbàárà méjì ti tibẹ̀ wá. Obìnrin náà ń jẹ nínú ìpàdé wọn, ó sì ń bú wọn, méjèèjì ò sì dí ara wọn lọ́wọ́.

Ọmọ náà ní tiẹ̀ fẹ́ràn ibẹ̀ dénú. Á máa kọ orin wọn gun àtẹ̀gùn bọ̀, bó bá kù díẹ̀ kó dé ẹnu ọ̀nà, á dákẹ́.

Nígbà tó yá, iná orí wọ àárín àwọn ọmọ náà. Kì í ṣe ọ̀kan, kì í ṣe méjì, gbogbo bẹ́ǹṣì ló ń họ orí. Ẹ sì mọ̀ pé bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Àǹtí Fèrè ní kí wọ́n fá orí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n fi oògùn pa á, kí ọ̀rọ̀ tán. Ó kọ́kọ́ fẹ́ bá àwọn ìyá sọ ọ́. Ó ránṣẹ́ pè wọ́n sípàdé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fọn fèrè. Ẹnì kankan ò lọ. Ọwọ́ Líle gbọ́ fèrè náà lábẹ́ àtẹ̀gùn, ó ní, "Ta ni wọ́n ń súfèé sí? Ajá?" Ọ̀rọ̀ yẹn rìn láti ilé dé ilé, àwọn tó ti fẹ́ dìde padà jókòó.

Ohun tí Àǹtí Fèrè wá ṣe, ẹni tó ti tọ́mọ rí ò jẹ́ ṣe é. Ó rán àwọn ọmọ fúnra wọn. "Ẹ sọ fún màmá yín nílé. Ẹni tí màmá rẹ̀ bá gbà, kó wá fárí ní Sátidé. Ẹni tí màmá rẹ̀ ò bá gbà, kó jókòó sílé." Ó fi àṣẹ orí lé àwọn tó ni orí lọ́wọ́, ó sì lọ sùn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni oríire fẹ́ wọlé Ọwọ́ Líle. Ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, tó kù díẹ̀ kó ṣègbéyàwó, rí Pátákó níwájú ilé tí wọ́n ti ń ta oògùn, ó tẹ̀lé e délé. Ó ní òun fẹ́ irun tí ìyàwó kankan ò tíì dì rí, òun àti gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ tó máa tẹ̀lé òun. Ó ní kí Ọwọ́ Líle kọ́kọ́ dì í sórí ọmọ náà kí òun rí i. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé lòun máa wá wò ó. Bó bá wu òun, iṣẹ́ ti délẹ̀ nìyẹn.

Ọwọ́ Líle ò sùn dáadáa mọ́. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan wà níwájú ilé náà tí ẹni tó wà níbẹ̀ ti kó lọ, Láńlọ́ọ̀dù sì ti sọ pé òun á fún un bó bá rówó rẹ̀ mú wá kí oṣù tó parí. Ṣọ́ọ̀bù tó ní ilẹ̀kùn. Ṣọ́ọ̀bù tó ní ògiri tí èèyàn lè gbé dígí kọ́. Kò sí omi ẹnikẹ́ni tó máa kán sí i lọ́rùn níbẹ̀. Iṣẹ́ ìyàwó yìí ló máa gbà á fún un, kò sì sí ibòmíì tó fojú sí.

Ní Fúráìdé, bí ọmọ ti ti ilé ìwé dé, ó há a mórúnkún. Ìlà tó dá sí i lọ́jọ́ yẹn, òun náà ò dá irú rẹ̀ rí: ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn etí, ó yí orí po bí ìdí apẹ̀rẹ̀, ìlà kan ń gba abẹ́ ìkejì kọjá, títí tí gbogbo rẹ̀ fi pàdé láàárín orí. Wọ́n tan àtùpà kó tó parí. Ó gbé àtùpà náà yí orí ọmọ ká, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé, "Ọwọ́ yìí, o ò ní jóná." Ó kìlọ̀ fún Pátákó pé kó má jáde lọ́jọ́ kejì, kí oòrùn àti eruku má kàn án títí ìyàwó á fi dé.

Láàárọ̀ Sátidé, ó lọ ra òwú àti ìpara tuntun. Ó pẹ́ díẹ̀ lọ́jà. Nígbà tó dé, ó bá ọmọ rẹ̀ tó jókòó sórí àtẹ̀gùn, tó wé gèlè ìyá rẹ̀ mórí.

"Kí lo wé yẹn? Ṣé kó o lè tẹ irun náà pa ni? Tú u."

Ọmọ fi ọwọ́ méjèèjì di gèlè náà mú. Ìyá tú u.

Orí náà ń dán. Ọwọ́ Líle kọ́kọ́ fi ọwọ́ kàn án, bíi pé irun wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ojú òun ni ò rí i. Ó wá rọra jókòó sórí àtẹ̀gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà.

"Ta ló ṣe é?"

"Àwọn ìpàdé ni, mà."

Ó dìde, ó di ọmọ náà lọ́rùn ọwọ́ mú, ó bọ́ sí òpópónà. Alágbàfọ̀ rí ojú rẹ̀, ó ju aṣọ sílẹ̀, ó tẹ̀lé e. Oníbúrẹ́dì bo àtẹ rẹ̀, òun náà tẹ̀lé e. Kí wọ́n tó dé ìsàlẹ̀, wọ́n ti tó ogun. Láńlọ́ọ̀dù tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀ gbé ọ̀pá rẹ̀, ó ní kí òun wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé òun.

Nínú sítọ̀ náà, wọ́n ti gbá irun jọ sí igun kan, òkìtì dúdú. Ọ̀pọ̀ ọmọ jókòó tí orí wọn ń dán lọ́tùn-ún lósì, wọ́n ń mu tíì. Àǹtí Fèrè wà láàárín wọn pẹ̀lú aṣọ ìnura léjìká.

"Ta ló fún ẹ láṣẹ?" Ọwọ́ Líle ò tíì fi "ìwọ" bá a sọ̀rọ̀ rí, gbogbo bí wọ́n ṣe kórìíra ara wọn tó. Àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn gbọ́ ọ, wọ́n fẹsẹ̀ múlẹ̀. "Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ìwọ tí o ò bímọ, ta ló fún ẹ láṣẹ láti fá orí ọmọ mi?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

"Ẹ̀gbẹ́ wo? Ṣé ẹ̀gbẹ́ kan lo ti fá a ni?"

"Ọmọ yín ló..." Àǹtí Fèrè wo ẹ̀yìn Ọwọ́ Líle, níbi tí ọmọ náà dúró sí. "Mi ò bi yín. Ó yẹ kí n bi yín. Èmi ni mo jẹ̀bi."

Ẹ̀yin ẹ rò pé ìyẹn á tó? Ọwọ́ Líle ti ṣetán fún ìjà. Ẹni tó ṣetán fún ìjà tí wọ́n ní òun jàre, inú á túbọ̀ bí i ni. Ó fẹsẹ̀ gbá bẹ́ǹṣì kan. Ife tíì dà, ọmọ kan bú sẹ́kún. Ó sọ̀rọ̀ sí bàtà Àǹtí Fèrè, ó sọ̀rọ̀ sí fèrè rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ sí inú rẹ̀ tí kò gbọ́mọ dúró. Ibi tó ti wá débẹ̀ yẹn, alágbàfọ̀ pàápàá fà á láṣọ.

Ojú Àǹtí Fèrè pọ́n. Onígbàgbọ́ ni, kì í ṣe áńgẹ́lì. "Ó dáa. Ẹ ti bú mi tán? Ẹ wá wo ẹ̀yìn etí ọmọ yín."

Gbogbo wọn wò ó. Lórí awọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí afẹ́fẹ́ yẹn, egbò wẹ́wẹ́ tò láti etí ọ̀tún dé ìpàkọ́, àwọn kan ti gbẹ, àwọn kan ń ṣomi. Níwájú orí, irun ò tiẹ̀ sí nídìí mọ́ láti fá.

"Kókó irun nìyẹn," Ọwọ́ Líle sọ. "Gbogbo onídìrí ló mọ̀ ọ́n. Kì í pẹ́ lọ."

"Èyí ò ráyè lọ. Ẹ ò jẹ́ kó sinmi."

Ọwọ́ Líle bá yíjú sí Láńlọ́ọ̀dù. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ gbà wọ́n sáàárín wa. Ọmọ ta ni wọ́n máa fá lọ́la?" Oníbúrẹ́dì gbè é lẹ́sẹ̀, àwọn tó kù gbè é lẹ́sẹ̀. Láńlọ́ọ̀dù nu ojú rẹ̀ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn dọ́kàn, ó ní òun ò fẹ́ wàhálà nínú ilé òun, kí àwọn ìpàdé máa kó ẹrù wọn. Ohun tí kò sọ ni pé oníṣòwò táyà kan ti ń bẹ̀ ẹ́ fún sítọ̀ náà láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ Líle fa ọmọ rẹ̀ lọ sílé, ó sì gbà pé òun ti ṣẹ́gun.

Ìyàwó dé nírọ̀lẹ́, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Ọwọ́ Líle fi ìka ya ìlà náà sínú afẹ́fẹ́ fún un, ó ní, "Bó ṣe lọ rèé, ó yí báyìí, ó gba ibí." Ìyàwó wo orí tó ń dán, ó wo egbò. Ó ní ó mà ṣe o. Ó ní òun ń bọ̀. Kò pẹ́ sí i, ẹnì kan tó ń ta káàdì fóònù kó sínú ṣọ́ọ̀bù tó ní ilẹ̀kùn.

Ọwọ́ Líle bá sọ èpè di iṣẹ́. Lálaalẹ́, kó tó sùn, á jókòó sẹ́nu ibùsùn, á ní, "Ẹni tó fá orí ọmọ mi, ayé á fá tirẹ̀. Ẹni tó gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mi, kò ní ní ibi tó máa fẹ̀yìn tì." Pátákó á yíjú sí ògiri. Kò kọ orin mọ́. Nísàlẹ̀, fèrè ò dún mọ́, táyà kún sítọ̀ dé òrùlé, àwọn ọmọ tí kò rí ibi lọ lọ́sàn-án sì ń rìn kiri láàárín ọkọ̀ àti kòtò. Ebi ń pa wọ́n, wọ́n ń jí nǹkan. Wọ́n jí búrẹ́dì oníbúrẹ́dì. Oníbúrẹ́dì dúró síwájú àtẹ̀gùn, ó ní, "Ọwọ́ Líle, ìwọ lo lé wọn."

"Àjọlé ni. Ta ló pàtẹ́wọ́ jù níbẹ̀?"

"Orí ọmọ tiwa kọ́ lo torí ẹ̀ jà."

Alágbàfọ̀ náà ò kí i mọ́, torí àwọn ọmọ rẹ̀ kékeré ti ń tẹ̀lé e lọ sẹ́nu iṣẹ́ báyìí, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ tẹ aṣọ oníbàárà. Gbogbo àdúgbò tó jọ jà ló padà fi ìjà náà sílẹ̀ fún un bí ẹrù tí kò lólúwa.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, èpè náà le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó ní kí wọ́n gbé òkú Àǹtí Fèrè, kí wọ́n má rí ẹni tí yóò wẹ̀ ẹ́. Pátákó dìde jókòó lórí ẹní.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣépè fún wọn mọ́. Èmi ni mo ní kí wọ́n fá a."

"Kí lo wí?"

"Wọ́n ní ká bi yín. Mi ò bi yín. Mo sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n fá a kanlẹ̀. Wọ́n bi mí lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni."

Ọwọ́ Líle gbé ọwọ́ sókè. Ọmọ náà di ojú, ó wá nǹkan tó máa dì mú, ó di etí ẹní mú. Kò sunkún, kò sá. Ọwọ́ náà wà lókè fún ìgbà díẹ̀, kò mọ ibi tó máa sọ̀ sí. Ó gbé e sọ sórí àtùpà, ó pa á, ó dùbúlẹ̀. Àwọn méjèèjì ò sùn, àwọn méjèèjì sì mọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó wé gèlè, ó jáde. Wọ́n ní àwọn ìpàdé ti kó lọ sábẹ́ afárá lẹ́yìn ojú irin. Ìbínú ló gbé e lọ, ẹ má rò pé ẹ̀bẹ̀ ni. Ó bá Àǹtí Fèrè tó ń fọ ife nínú báàfù, bẹ́ǹṣì méjì péré ló kù, ọkọ̀ ń ké kọjá lórí wọn.

"O sọ mí di òpùrọ́ láàárín ìta," Ọwọ́ Líle sọ.

Àǹtí Fèrè ò dìde. "Ẹ̀yin lẹ bú mi. Mi ò rán yín níṣẹ́."

"Ọmọ ti jẹ́wọ́. Kí ló dé tí o ò sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn pé òun ló purọ́ fún ẹ? O wà níbẹ̀, o ń wò mí, o jẹ́ kí n máa tàbùkù ara mi."

"Ká ní mo sọ ọ́, ta lẹ bá nà lọ́jọ́ yẹn?"

Ọwọ́ Líle tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé.

"Èmi, mo lè gbé bẹ́ǹṣì mi kúrò," Àǹtí Fèrè sọ. Ó gbé ife kan, ó fi omi ṣàn án. "Ọ̀dọ̀ yín ni ọmọ yẹn máa sùn. Ẹ má sì rò pé torí yín ni. Mi ò fẹ́ràn yín. Mo ti gbàdúrà sí i títí, kò yí padà."

"Èmi náà ò fẹ́ràn yín."

"Mo mọ̀."

Ọwọ́ Líle dúró síbẹ̀ díẹ̀ sí i, ó ń wo àwọn ọmọ tó jókòó sílẹ̀, irun wọn ti ń hù padà. Ó ní kí àwọn ìpàdé padà wá, pé òun á bá Láńlọ́ọ̀dù sọ ọ́. Àǹtí Fèrè ń fọ ife rẹ̀ lọ. Ọwọ́ Líle sì lọ bá Láńlọ́ọ̀dù lóòótọ́, láàárín táyà, ó sọ fún un pé òun ló ṣì í, pé ọmọ òun ló purọ́. Láńlọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá, táyà ò fọn fèrè, táyà ò fárí ẹnikẹ́ni, táyà ń sanwó." Bó ṣe ń ti ibẹ̀ bọ̀ ni oníbúrẹ́dì ń sọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé wọ́n ti fi tíì rà á.

Ó gun àtẹ̀gùn. Pátákó wà lórí ibùsùn, ó ń ka ìwé. Irun rẹ̀ ti hù tó ìdajì èékánná, egbò ti jiná, àpá ló kù. Ọwọ́ Líle fìdí lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ ṣòro fún un ju gbogbo èébú tó ti bú ẹnikẹ́ni rí.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi pé o ò fẹ́ ẹ mọ́?"

"Mo sọ, mà."

"Nígbà wo?"

"Nígbà tí mo kéré. Mo máa ń sọ ọ́ nígbà gbogbo. Ẹ ní kí n pa ẹnu mọ́, pé bí mo bá ń sọ̀rọ̀, ìlà á wọ́."

Ọwọ́ Líle wá a nínú ọkàn rẹ̀, ó rí i. Òun sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti sọ ọ́ débi pé òun gan-an ò gbọ́ ọ mọ́. Omi bọ́ lójú rẹ̀, obìnrin tí kò sunkún ọkọ. Ó na ọwọ́ láti fi pa orí ọmọ náà. Pátákó yẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò pọ̀, ìwọ̀n tí ọwọ́ náà ò fi ní kàn án ni, ó sì ṣí ìwé rẹ̀ sójú ewé míì. Ọwọ́ Líle dá ọwọ́ rẹ̀ padà sórí itan ara rẹ̀, ó sì jókòó bẹ́ẹ̀ tì í títí ọmọ náà fi kàwé tán.